Fìlà Tanimu

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wo fíìmù yẹn láyé mi.
Ìgbà àkọ́kọ́, Sábó Zaria ni, lẹ́yìn ibùdó rélùwéè,
ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo wa ti là.
Ọmọ ogún ọdún ni mí, mo ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà;
owó tí ọ̀gá ní kí n fi ra gáàsì ni mo fi wọlé.
Bẹ́ńṣì tí kò ní ẹ̀yìn,
ògiri tí wọ́n fi ẹfun kùn,
iná ẹ̀rọ ń la eruku kọjá bí ọ̀nà oko.

Fíìmù òyìnbó ni, òyìnbó tí a ò gbédè wọn.
Ọkùnrin kan ń tún páìpù omi ṣe,
ó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn,
ìyàwó onílé á ní omi ń jò,
omi kì í sì í jò.
Gbogbo ìtàn ọ̀hún kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ obìnrin bá ti kan bọ́tìnnì báyìí,
Tanimu tó ń yí ẹ̀rọ á ṣí fìlà lórí,
á fi bo ojú iná.
Òkùnkùn biribiri.
A ó máa gbọ́ ẹ̀rín, a ó máa gbọ́ bẹ́ẹ̀dì tó ń ké,
ewúrẹ́ Hajia Laraba á dá a lóhùn láti ẹ̀yìn ògiri,
gbogbo ilé á hó yèè.
Kí fìlà tó kúrò, ọkùnrin náà ti wọ ṣòkòtò,
ó ti ń mu tíì.

Ìdí onísùyà la ti ń dájọ́.
Bàbá Ọláníhún, akọ̀wé rélùwéè, ní ìranù gbáà ni,
òun ò tún ní fojú kàn án mọ́ láé.
Ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà nìyẹn.
Fẹ́líìsì ayàwòrán ń bínú nítorí òjìji:
"Ẹ ò rí i bí ògiri ṣe ń mì nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn?
Páálí ni ilé yẹn! Páálí!"
Sájẹ́ǹtì Bitrus, tó jagun dé Bọ́mà,
ó ní obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹnì kan ṣoṣo ni,
irun ni wọ́n ń pààrọ̀ fún un.
Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ torí irun fa ara wọn láṣọ ya.

Ìyá Ramọ́tà aránṣọ,
obìnrin kan ṣoṣo tó ń sanwó wọ ibẹ̀ láìbojú,
ó la ata sùyà kúrò níka, ó ní:
"Ohun tí wọ́n bọ́ lẹ̀ ń wò, èmi ń wo bí wọ́n ṣe rán an.
Ojú rírán ẹ̀yìn rẹ̀ ti tú.
Ẹ sì wo obìnrin yẹn dáadáa nígbà tó ń rẹ́rìn-ín.
Ebi ń pa á."
Kò sẹ́ni tó fèsì. Ẹran ń ta ṣíoṣío lórí iná.

A bi Tanimu, òun tó rí i tán:
kí ló wà lábẹ́ fìlà?
Ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó dé e.
"Ba kome," ó ní.
A pè é ní òpùrọ́, ahun, olójúkòkòrò.

Ìgbà kejì, èṣín ni, ní Kubwa, l'Ábújá.
Mo purọ́ fún ọmọ ọmọ mi pé ẹ̀kọ́ páìpù ni mò ń wá,
ó bá mi wá a sórí fóònù.
Mo tilẹ̀kùn, àgbà bí èmi, mo ń gbọ̀n.
Obìnrin náà bọ́ ẹ̀wù kan, òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀.
Wọ́n ń fò lórí bẹ́ẹ̀dì, tàwọn ti bàtà.
Gbogbo ohun tí mo fi ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta kún òkùnkùn yẹn,
èmi ni mo yà á.

Ó kù díẹ̀ kó parí, ó yíjú sí mi,
bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n ní kó máa lọ sílé.
Ìyá Ramọ́tà ò purọ́.

Mo wá fìlà, mi ò rí i.
Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi bò ó.
Bẹ́ẹ̀dì ń ké lábẹ́ ọwọ́ mi,
ní Kubwa, ewúrẹ́ kankan ò dáhùn.